Egbò Ẹnu Tí Kò Jinná

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà!

Ó wà nínú yín, ẹni tí kò lè jẹ ata mọ́, tí ẹnu rẹ̀ ń ta bí iná. Ó ti ń bá a bọ̀ láti oṣù mélòó kan, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní kó ya ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìyá, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ la ẹnu wo dígí. Bí ẹ bá rí ìlà funfun tín-ín-rín bí àwọ̀n nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, tí kò ṣeé nù kúrò, tàbí tí erìgì pọ́n tó sì ń ta, ó lè jẹ́ àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní lichen planus. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin tó ti lé ní ọdún 40.

Kí ló ń fà á? Ẹ wo inú ọjà. Bí ẹnì kan bá kígbe "Olè!", gbogbo ọ̀dọ́ á sáré dé. Ara wa náà ní ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò jà, ó sì ní àwọn akéde tó ń pè wọ́n. Purotéènì kéékèèké ni àwọn akéde yìí, sitokíìnì lorúkọ wọn. Bí ìjà bá parí, wọ́n á dákẹ́, egbò á jinná. Ṣùgbọ́n nínú àrùn yìí, olè kò sí, akéde kò dákẹ́. Ni àwọn ọmọ ogun bá ń ba awọ inú ẹnu fúnra rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, kì í ṣe èpè, kì í sì í ràn. Ẹ lè bá ọmọ yín jẹun pọ̀.

Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí omi bátìrì sí i o! Egbò tuntun ni, igbe á sì pọ̀ sí i. Oògùn tí dókítà ń fún yín láti fi pa á tàbí láti fi ṣan ẹnu, àwọn akéde yẹn ló ń pa lẹ́nu mọ́. Àrùn náà lè má lọ tán, ṣùgbọ́n ẹ ó lè jẹun. Ẹ dín ata kù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ eyín, ẹ fi tábà àti aáṣáà sílẹ̀.

Egbò ẹnu tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tó bá le, ẹ má ní ẹ fẹ́ tajà tán kí ẹ tó lọ sílé ìwòsàn. Nínú ẹni 100 tó ní àrùn yìí, ó lè di jẹjẹrẹ fún bí ẹnì 1. Ẹni tó bá ń fi ẹnu han dókítà lọ́dọọdún, wọ́n á tètè rí i.

Ẹnu yìí náà la fi ń polówó ọjà. Ẹ tọ́jú rẹ̀.