Àṣẹ́kù àti Òǹkà Ẹlẹ́rìí nínú Ẹ̀kọ́ Ìlò Ìṣirò Òde Òní

Nínú ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń ṣàlàyé ìwúlò ìṣirò òde òní fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní fi ìṣirò ṣiṣẹ́ ṣe, a sábà máa ń rí orí kan tó dá lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀: nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì àti irú wọn. Ìmọ̀ tó gbé orí yìí ró ni ìṣirò àṣẹ́kù, èyí tí Carl Friedrich Gauss, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tò lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1801. Bí a ó bá fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà, irú ọ̀rọ̀ wo ni yóò bá a mu?

Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro. A ó mú iye kan, a ó fi pín nọ́ńbà tó wà níwájú wa, ohun tó bá ṣẹ́ kù nìkan ni a ó sì wò. Bí a bá fi 10 pín 81 àti 21, ọ̀kan náà ni méjèèjì, nítorí pé 1 ló ṣẹ́ kù nínú wọn. Àbá mi ni pé kí a pe ohun tó ṣẹ́ kù ní ‘àṣẹ́kù’, kí a sì pe iye tí a fi pín in ní ‘iye ìyípo’.

Ọjọ́ ọjà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ìyípo, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra. Ọjà ọrọọrún ni à ń wí, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin ni ìyípo rẹ̀: bí a bá ná an ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, ọjọ́ karùn-ún ni a ó tún ná an, nítorí pé Yorùbá a máa ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ iye. Bákan náà ni ìsán, tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ 8, kì í ṣe 9, àti ìtàdógún, tí tirẹ̀ jẹ́ 16, kì í ṣe 17. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba orúkọ ọjà ní iye ìyípo yóò fi 5 pín níbi tó yẹ kó fi 4 pín. Ìdí nìyí tí n kò fi ní fara mọ́ ọn bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fa orúkọ iye ìyípo yọ láti inú orúkọ ọjà, bó ti wù kó dùn létí tó.

Ní ti nọ́ńbà àkáǹtì, owó ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní 2010, Báńkì Àpapọ̀ Ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ètò NUBAN kalẹ̀, èyí tó sọ nọ́ńbà àkáǹtì di oní-ẹyọ 10. Ẹyọ 9 àkọ́kọ́ ni ti oníbàárà. Ìṣirò ni a fi ń mú ẹyọ kẹwàá jáde. Èyí ni mo pè ní ‘òǹkà ẹlẹ́rìí’, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́rìí sí àwọn yòókù. Ká ní nọ́ńbà báńkì jẹ́ 011, tí ti oníbàárà sì jẹ́ 000001457. A ó to méjèèjì pọ̀ di ẹyọ 12, a ó sọ wọ́n di púpọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé pẹ̀lú 3, 7, 3, 3, 7, 3, títí dé òpin. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 81, àṣẹ́kù jẹ́ 1. A yọ 1 kúrò nínú 10, ó ku 9. Nọ́ńbà àkáǹtì náà di 0000014579. (Bí àṣẹ́kù bá jẹ́ 0, 0 náà ni ẹlẹ́rìí.)

Kí ló dé tó fi jẹ́ 3 àti 7? Yàtọ̀ sí 1, kò sí iye tó lè pín èyíkéyìí nínú wọn àti 10 láìṣẹ́kù. Nítorí náà, bí a bá ṣi ẹyọ kan ṣoṣo kọ, àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ yí padà. Ká ní 5 ni a lò, tí ẹnìkan sì kọ 4 dípò 2, 10 yóò di 20, ẹlẹ́rìí kò sì ní sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí yìí náà ní ibi tí kò ríran dé, èyíinì ni ibi tí 3 ti tẹ̀lé 3. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, 3 ló bá 1, 3 náà ló bá 4. Bí akọ̀wé bá gbé ọ̀kan sí ipò èkejì, tó kọ 0000041579, 81 náà ni àròpọ̀ yóò jẹ́. Ó tọ́ nígbà náà kí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ fara balẹ̀ wo orúkọ tó bá jáde kó tó tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ńbà ìwé oní-ẹyọ 10, tí a lò títí di òpin 2006, kò ní àléébù yìí. 11 ni iye ìyípo rẹ̀, ipò kọ̀ọ̀kan sì ní ìlọ́po tirẹ̀, láti 10 wá sí 1, nítorí náà kò sí ẹyọ méjì tó fara kanra tí a lè pààrọ̀ láìjẹ́ pé ó hàn. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí rẹ̀ lè jẹ́ 10, tí kò gba àyè ẹyọ kan. X ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Láti 2007 tí ó ti di oní-ẹyọ 13, iye ìyípo rẹ̀ ti di 10.

Ó ku orúkọ 3 àti 7 wọ̀nyí. ‘Ìlọ́po’ ni mo yàn. ‘Ìwọ̀n’ yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ronú nípa òṣùwọ̀n àti ẹrù.