Ìsọ̀ Iwájú, Ilé Ẹ̀yìn: Àwọn Ilé Ìtajà Àtijọ́ ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò

Fún àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Ìbàdàn, Sábó ni àdúgbò àwọn Haúsá, èyí tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1916. Ní Kánò, Sábọ̀n Gàrí ni ibi tí Yorùbá fúnra rẹ̀ ti jẹ́ àlejò. Orúkọ kan náà ni, 'ìlú titun' ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Haúsá. Ẹni tí ó jẹ́ àlejò ni ó yàtọ̀.

Rélùwéè ni ó fa ìtẹ̀dó àdúgbò yìí. Nígbà tí ó dé Kánò ní 1911, àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ojú irin àti oníṣòwò láti Gúúsù wá pẹ̀lú rẹ̀. Ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí wọ́n máa gbé inú odi ìlú àtijọ́. Wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, wọ́n la títì tí ó nà gbọọrọ, wọ́n sì pín ilẹ̀ ẹ̀bá títì ní ìwọ̀n-ìwọ̀n.

Ẹni tí ó rí ilẹ̀ gbà lójú títì kò jẹ́ fi iwájú rẹ̀ ṣòfò. Yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sí títì: aṣọ, àwo tánganran, kẹrosíìnì, tàbí télọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọ̀nà kan la ilé já dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, fún ìdílé onílé àti àwọn ayálégbé. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná wà. Ẹni tí ó ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù lè má rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Ilé inú odi kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ni ó kọ ẹ̀yìn sí títì: ògiri gíga tí wọ́n fi tubali, ìyẹn ìṣù amọ̀ gbígbẹ, mọ, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, àti zaure, níbi tí àlejò ti ń dúró kí wọ́n tó mọ̀ bóyá yóò wọlé. Ní Sábọ̀n Gàrí, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe ìsọ̀ ni zaure wọn.

Irú ilé báyìí kò ṣeé dì lẹ́rù bí ìjà bá dé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1953, ìjà Kánò dé Sábọ̀n Gàrí. Ní 1966, ọ̀pọ̀ Ígbò sá, wọ́n fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó padà lẹ́yìn tí ogun parí ní 1970 ni ó rí ilé wọn gbà. Ní Port Harcourt, ilé tí àwọn Ígbò fi sílẹ̀ di aáwọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Ohun tí ìjà kò wó, owó ń wó o. Níbi púpọ̀, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ti gba ipò ilé àtijọ́, ṣọ́ọ̀bù sì gba gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìku yàrá kan fún ìdílé. Yoruba Road àti Ibo Road ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń tajà níbẹ̀ lè máa ti Hotoro wá láàárọ̀, kí ó sì ti ilẹ̀kùn kí ó máa lọ nírọ̀lẹ́.