Ìwà Ipá Tí Ọmọdé Fojú Rí Lè Bá A Dé Ilé Olólùfẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ àti ẹkún ni ọmọ ń bá pàdé nínú ilé, àwọn onímọ̀ ìlera ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé pé ọgbẹ́ náà lè bá a lọ títí di ọjọ́ tí òun náà yóò ní olólùfẹ́.

Láàárín ọdún 1995 sí 1997, àjọ CDC, tí ń rí sí ìdènà àti ìkápá àrùn ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìlera Kaiser Permanente, bi àwọn àgbàlagbà tí ó lé ní 17,000 léèrè nípa ìgbà èwe wọn ní ìlú San Diego, ìpínlẹ̀ California. Dókítà Vincent Felitti àti Dókítà Robert Anda ni wọ́n ṣáájú iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí tún yẹ èsì àwọn tí ó lé ní 8,600 lára wọn wò. Ohun mẹ́ta ni wọ́n wá: lílu ọmọ ní àlùbami, bíbá ọmọdé ṣe ìṣekúṣe, àti dídàgbà nínú ilé tí a ti ń lu ìyá ọmọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn sọ ewu ìwà ipá láàárín olólùfẹ́ di nǹkan bí ìlọ́po méjì, yálà ewu kí a máa lu ènìyàn tàbí kí òun ó máa lu ẹlòmíràn. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, ewu náà lé ní ìlọ́po mẹ́ta.

Àwòkọ́ṣe wà lára ohun tí ó fà á. Ní ọdún 1961, Ọ̀jọ̀gbọ́n Albert Bandura ti Yunifásítì Stanford fi hàn pé ọmọdé tí ó rí àgbàlagbà tí ń lu ọmọláńgidi a máa lù ú bákan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọkàn ọmọ tí ń gbé nínú ìbẹ̀rù kì í sinmi. Bí ó bá dàgbà, ó lè ka owú àti ìhalẹ̀ sí ìfẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ẹgbẹ́ wọn pẹ̀lú. Nínú ìwádìí tí CDC ṣe jákèjádò Amẹ́ríkà ní ọdún 2010, nínú obìnrin 100 tí ń fẹ́ obìnrin, nǹkan bí 44 ni olólùfẹ́ ti fipá bá lò pọ̀, tí ó ti lù, tàbí tí ó ti lépa kiri rí. Láàárín àwọn obìnrin tí ọkàn wọn ń fà sí tọkùnrin tobìnrin, ó jẹ́ 61. Láàárín àwọn tí ń fẹ́ ọkùnrin nìkan, ó jẹ́ 35. Ní ti ọkùnrin, ó jẹ́ 26, 37 àti 29 ní ìtẹ̀léra kan náà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń bí ìwà ipá. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn obìnrin tí ọkàn wọn ń fà sí méjèèjì sọ pé ọkùnrin nìkan ni ó hu ìwà náà sí wọn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí ni ìgbà èwe. A máa ń rí àwọn tí òbí lù tàbí tí wọ́n lé jáde nítorí irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí wọ́n bá tún bọ́ sọ́wọ́ aninilára, olólùfẹ́ náà lè fi àṣírí wọn halẹ̀ mọ́ wọn pé òun yóò sọ fún ẹbí tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ẹ̀rù a bà wọ́n láti lọ bá ọlọ́pàá. Ní ọdún 2013, òfin Amẹ́ríkà lórí ìwà ipá sí obìnrin fi òfin de gbogbo ibi ìrànlọ́wọ́ tí ń gba owó lábẹ́ òfin náà láti má ṣe lé irú wọn padà.

Ṣùgbọ́n ewu kì í ṣe àyànmọ́. Ọ̀pọ̀ tí ó dàgbà nínú ìjà kò lu ẹnikẹ́ni rí. Àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ó dúró ti ọmọ pẹ̀lú ìfẹ́ lè dín ìpalára náà kù, ìtọ́jú lọ́dọ̀ onímọ̀ nípa ọpọlọ sì ń ran ẹni tí ó ti dàgbà lọ́wọ́.

Nítorí náà, àwọn onímọ̀ gba àwọn òbí níyànjú láti rántí pé nígbà tí àgbà méjì bá ń jà nínú yàrá, ọmọ tí ó wà ní kọ̀rọ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́.