Olùpolówó kan, ogún oníbàárà: kọ́kọ́rọ́ ta ló wà lọ́wọ́ ta?

Bí Yorùbá bá fẹ́ yin ẹni tí orí rẹ̀ pé, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láìkọ ọ́ síwèé, síbẹ̀ tí kì í ṣi owó ẹnì kan san fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ kan wà lóde òní tó jọ iṣẹ́ alájọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni wọ́n ń bá èèyàn kó jọ níbẹ̀. Orúkọ ọjà àti iyì oníṣòwò ni wọ́n ń bá a tọ́jú. Iṣẹ́ náà ni ti àwọn iléeṣẹ́ tó ń polówó ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bó ṣe ń rí nìyí. Aláṣọ kan wà, oníhòtẹ́ẹ̀lì wà, ẹni tó ń ta irúgbìn àti oògùn adìyẹ náà wà. Kò sí èyí tó ráyè jókòó ti fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ ìpolówó. Iléeṣẹ́ kan ṣoṣo lè ní oníbàárà mẹ́wàá tàbí ogún. Olúkúlùkù wọn ló ní ojú ewé tirẹ̀ lórí Facebook, àkáùntì ìpolówó lọ́dọ̀ Google, àti orúkọ àwọn èèyàn tí wọ́n ń fi lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí. Bí òṣìṣẹ́ bá ní láti jáde nínú ti Lágbájá kó tó wọ ti Tàmẹ̀dò, ilẹ̀ á ṣú kó tó ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó gbogbo wọn jọ sójú kan. Wọn kì í ra irú ètò bẹ́ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni háyà ṣọ́ọ̀bù ni, oṣooṣù tàbí ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó rẹ̀.

Àwọn tí ìyà iṣẹ́ náà jẹ gan-an ló ṣe òmíràn nínú wọn. Ní ìlú Vancouver, lórílẹ̀-èdè Kánádà, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Invoke ń wá ọ̀nà láti tọ́jú ojú ewé àwọn oníbàárà rẹ̀ pọ̀. Ryan Holmes àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ wá ṣe ètò tiwọn lọ́dún 2008. Òun ló di Hootsuite. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mailchimp, tó bẹ̀rẹ̀ ní Atlanta, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2001, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà. Nígbà tí iléeṣẹ́ Intuit rà á lọ́dún 2021, nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 dọ́là ni wọ́n ná lé e.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú iṣẹ́ yá náà ló lè kó èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, òṣìṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ New Media Strategies, tí Chrysler tó ń ṣe mọ́tò gbé ojú ewé Twitter rẹ̀ fún, fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ewé ara rẹ̀. Ó ní wọ́n ń pe Detroit ní ìlú mọ́tò, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ mọ́tò wà níbẹ̀, ó sì fi èébú há a. Kò mọ̀ pé ojú ewé Chrysler lòun wà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Chrysler sì ní àwọn ò ní tún àdéhùn ṣe mọ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ náà. Oṣù tó ṣáájú ìyẹn ni òṣìṣẹ́ Red Cross ti Amẹ́ríkà kan ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú Hootsuite, tó kọ ọ̀rọ̀ ọtí bíà sí ojú ewé ẹgbẹ́ aláàánú. Àwọn yẹn fi ẹ̀rín tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀.

Àwọn tó gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí kì í da ẹrù oníbàárà méjì pọ̀. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ nínú ètò náà. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní páásíwọọ̀dù tirẹ̀, yàrá tó kàn án nìkan ló sì lè wọ̀. Ohun tí ọ̀dọ́ kan bá kọ, ọ̀gá á kà á kó tó jáde. Ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń yọ orúkọ rẹ̀.

HMV, iléeṣẹ́ tó ń ta orin ní ìlú ọba, kò tètè rántí ti ìkẹyìn yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 2013, bí wọ́n ṣe ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́wọ́ ni ẹnì kan nínú wọn ń ròyìn rẹ̀ lórí Twitter iléeṣẹ́ náà, tí gbogbo ayé ń kà á. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń lé lọ.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan oníṣòwò tó wà nílé. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ fún ọmọdé kan pé, “Bá mi ṣí Facebook fún ọjà mi,” tí ọmọ náà á sì fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí i. Ọjọ́ tí ìjà bá dé tàbí tí ọmọ náà bá rìnrìn àjò, ojú ewé lọ nìyẹn, àti gbogbo oníbàárà tó wà níbẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ Google, àkáùntì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà oníhóró mẹ́wàá. Iléeṣẹ́ ìpolówó á fi nọ́ńbà náà tọrọ àyè, oníǹkan á gbà fún un, ó sì lè gba àyè rẹ̀ padà nígbà tó bá wù ú. Facebook náà ní irú ètò yìí: èèyàn lè fún iléeṣẹ́ ìpolówó láyè láti ṣiṣẹ́, kí ojú ewé ṣì jẹ́ ti onílé. Kò sídìí láti fún ẹnikẹ́ni ní páásíwọọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò kéré, torí dọ́là ni wọ́n fi ń díyelé púpọ̀ nínú àwọn ètò yìí. Lọ́dún 2022, àwọn báǹkì kan ní Nàìjíríà dín ohun tí káàdì náírà lè ná sókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn míì sì dá a dúró lórí àwọn káàdì kan. Lẹ́yìn tí ètò pàṣípààrọ̀ owó yí padà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó tí wọ́n ń ṣẹ́ sí náírà lé ju ìlọ́po méjì lọ kí ọdún kan tó pé. Bí iléeṣẹ́ ìpolówó bá da owó gbogbo oníbàárà pọ̀ mọ́ káàdì kan, ọjọ́ tí káàdì náà bá kọ̀, ìpolówó gbogbo wọn lè dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, kí oníṣòwò tó gbé ọjà rẹ̀ fún olùpolówó, ó yẹ kó béèrè nǹkan mẹ́ta: orúkọ ta ni wọ́n fi ṣí i, ta ló ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, àti pé bí a bá pínyà lọ́la, kí ló kù sí mi lọ́wọ́? Olùpolówó tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.