Ẹni tí ó ta kọ́kọ́rọ́ àwọn ológun ojú omi

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ máa fi pa àkọsílẹ̀ owó mọ́ ti wọ àárín wa, ohun tí púpọ̀ yín ń béèrè ni pé, ṣé olè kò ní ráyè wọ inú rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n olè ìta nìkan ni gbogbo wa ń wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fún yín, kí ẹ rí ibi tí omi gbà wọ ọkọ̀ tiwọn.

Láyé àwọn baba wa, bí ọba bá fẹ́ ránṣẹ́ tí kò fẹ́ kí ẹni tó ń jẹ́ ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀, àrokò ni yóò fi rán an. Ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ló lè kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀ ogun. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá bá fẹ́ bá ọkọ̀ tó wà láàárín agbami sọ, ojú ọ̀run ni yóò gbà, ọ̀tá tó bá dẹ rédíò rẹ̀ sílẹ̀ á sì gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ kan á kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ náà rú, ẹ̀rọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ á tún un tò padà. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ètò kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ìwé tí wọ́n kọ ètò ojoojúmọ́ yìí sí ni wọ́n ń pè ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀tá ìbáà ní ẹ̀rọ náà gan-an, bí kò bá ti ní kọ́kọ́rọ́ ọjọ́ náà, ariwo lásán ni yóò máa gbọ́.

Ní 1967, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ John Walker ń ṣiṣẹ́ ní Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Virginia, nínú yàrá tí wọ́n ti ń bá àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi sọ̀rọ̀. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ṣí ilé ọtí kan sí South Carolina, ọjà ò tà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń yáwó lọ́dọ̀ wa láìsọ òótọ́ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ máa gbọ́ o.) Kí ọdún náà tó parí, ó kó ìwé kọ́kọ́rọ́ sápò, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé aṣojú ìjọba Soviet ní Washington, ó ní òun ní ọjà láti tà. Wọ́n rà á, wọ́n sì ń sanwó fún un déédéé bí ẹni ń gba owó oṣù.

Ọjà yẹn kò pẹ́ rí ẹnìkejì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní 1968, àwọn ará Àríwá Kòríà gba ọkọ̀ amí Amẹ́ríkà kan, Pueblo, lójú omi. Ènìyàn 83 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan kú, wọ́n sì há àwọn 82 yòókù mọ́ fún oṣù mọ́kànlá. Àwọn atukọ̀ náà fi òòlù àti àáké fọ́ ẹ̀rọ, wọn ò rí gbogbo rẹ̀ fọ́. Àwọn ọ̀gá ní Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ fòyà, torí pé kí ni ẹ̀rọ fẹ́ ṣe láìsí kọ́kọ́rọ́? Wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Wọn ò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ tuntun náà, Walker ló tún ń ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré tó gba àtẹ́lẹwọ́.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ó fi ṣe é. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀, èmi tí mò ń tọ́jú ìwé, ni pé nígbà tó yẹ kí wọ́n tún ìwà rẹ̀ yẹ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ayédèrú ìwé sínú fáìlì ara rẹ̀ pé wọ́n ti yẹ òun wò tán. Kò sẹ́ni tó lọ bi ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹ rí i, èyí ni a ṣe ń fi ẹni mẹ́ta ṣọ́ àpótí kan, tí àwọn kan ń pè é ní àìfọkàntánni. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1976, kò jáwọ́. Ó ti fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́, Jerry Whitworth, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rédíò. Ó tún fa Arthur ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fa Michael, ọmọ bíbí inú ara rẹ̀, tó wà nínú ọkọ̀ Nimitz. Ó bẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun pẹ̀lú. Ìyẹn kọ̀ jálẹ̀.

Barbara, ìyàwó tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ló lọ fi ẹjọ́ sun àwọn FBI lóṣù kọkànlá 1984. Wọn ò kọ́kọ́ kà á sí, wọ́n ní ọtí ló ń pa á. Obìnrin náà kò sì mọ̀ nígbà náà pé ọmọ òun wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 1985, wọ́n mú Walker ní ilé ìtura kan ní Maryland, lẹ́yìn tó ti gbé àpò ìwé àṣírí pa mọ́ sẹ́bàá ọ̀nà oko. Yurchenko, òṣìṣẹ́ amí Soviet tó sá wọ Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, sọ pé iṣẹ́ tí àwọn kà nípasẹ̀ Walker lé ní mílíọ̀nù kan.

Ẹ̀wọ̀n gbére ni ti òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn méjèèjì kú sẹ́wọ̀n ní 2014. Whitworth gba ọdún 365. Walker jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè ṣàánú ọmọ rẹ̀. Michael gba ọdún 25, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní 2000.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ pín kọ́kọ́rọ́ dípò bébà, kí ọwọ́ ènìyàn má fi bẹ́ẹ̀ kàn án mọ́. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó mú ìṣòro tirẹ̀ wá. Ní 2013, àwọn kan tí Amẹ́ríkà sọ pé ará Ìráànì ni wọ́n wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ológun ojú omi kan náà, ní apá tí kì í ṣe ti àṣírí. Ẹnikẹ́ni kò rìn wọlé níbì kankan. Ó tó oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó lé wọn jáde tán.