Àtẹ Tó Ń Tú Àṣírí Kóòdù

Ẹ ya àtẹ kékeré kan. Ẹ to ewúrẹ́, àdán, àṣá àti ìjàpá sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ kọ àbùdá mẹ́ta sókè: ó ń fọ́mọ lọ́mú, ó ń fò, ó ń yé ẹyin. Ẹ fàmì sí ibi tí àbùdá bá ti bá ẹranko mu. Kò sí ohun mìíràn tí kọ̀ǹpútà tó máa yẹ àtẹ náà wò máa bi yín.

Àwùjọ tó pé ló máa wá. Àwùjọ pé nígbà táwọn tó wà nínú rẹ̀ bá jọ ní àbùdá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹnikẹ́ni tó ní gbogbo rẹ̀ kò sì ṣẹ́ kù síta. Ewúrẹ́ kò lè dá dúró, torí àdán náà ń fọ́mọ lọ́mú. Dandan ni kí wọ́n jọ wọlé. Àdán ní tirẹ̀ lè dá dúró: òun nìkan ló ń fọ́mọ lọ́mú tó tún ń fò. Lórí àwòrán tí kọ̀ǹpútà bá yà, abẹ́ àwùjọ àwọn tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ti àwọn tó ń fò ló máa wà, ìlà á sì so ó mọ́ wọn. Èyí dùn mọ́ mi: ẹni tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ ríbi jókòó.

Rudolf Wille, onímọ̀ ìṣirò ní Darmstadt ní Jámánì, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1982. Kì í ṣe torí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ka ìṣirò kan tó ti di àdììtú fáwọn ará ìta ló fẹ́ ṣí sílẹ̀ fún wọn. Bernhard Ganter ló wá kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi lè rí gbogbo àwùjọ láìfo ọ̀kankan, láìka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Láwọn ọdún 1990, Gregor Snelting gbé àtẹ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ kóòdù. Kóòdù Unix kan náà ní láti ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà, nítorí náà wọ́n máa ń fi àṣẹ sára abala rẹ̀: bó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ báyìí, lo èyí, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, fò ó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Snelting fi abala kóòdù sípò ẹranko, ó fi àwọn àṣẹ wọ̀nyí sípò àbùdá. Níbí, àdán kì í ṣe ohun ìdùnnú. Abala tó bọ́ sábẹ́ ọ̀ràn méjì tí kò yẹ kó kan ara wọn lè jẹ́ ibi tí iṣẹ́ ti lọ́ mọ́ra, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ tún kóòdù ṣe kọ́kọ́ wò.

Ọgbọ́n yìí kò dára fún gbogbo àtẹ o. Ohun 20 àti àbùdá 20 lè bí àwùjọ 1,048,576, kò sì sí ojú tó lè ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Apá kan ni wọ́n máa ń yà.