Ta Ló Ń Ṣojú Èrò Nínú Gáréèjì?

Alákìá ni pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá. Láti 1982 ni wọ́n ti ń lò ó, 2023 sì ni ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù níbẹ̀ lọ sí Àbújá á rí aago tó yẹ kó gbéra lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí bàálù ò bá wá gbéra lásìkò, ó kéré tán, aago wà tí èèyàn lè fi bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jáde dé etí títì, tó ń lọ sí Ìwó Road tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí tó ń lọ sí Ẹ̀rúnmu lọ́nà oko lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó máa dárúkọ aago kankan fún un. Bó bá béèrè pé ìgbà wo lọkọ̀ ń lọ, èsì kan náà ni: “Ẹ wọlé, ó ti fẹ́ẹ̀ kún.”

Kíkún ọkọ̀ yìí ni gbogbo ìrìnnà agbègbè Ìbàdàn rọ̀ mọ́. Micra, ọkọ̀ Nissan kékeré tí àwọn ará Ìbàdàn sọ di takisí, ló gba ojú ọ̀nà kan. Èrò méjì á há sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, mẹ́ta á jókòó sẹ́yìn. Bí ọ̀nà bá ti ń kọrí sí oko, ẹ̀yìn lè di mẹ́rin. Wọn kì í ka ọmọdé mọ́ èrò, orí itan ìyá wọn ni tiwọn.

Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé gáréèjì ló kọ́kọ́ ń kó èrò. Tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Bí ìjókòó ọkọ̀ kejì bá tilẹ̀ dára ju ti èkíní lọ, tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ sì jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, èrò ò lè lọ wọ̀ ọ́. Agbèrò á ké mọ́ ọn pé kò tíì kàn án. Agbèrò yìí ló ń pariwo orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, òun ló ń dá owó lé ẹrù, òun náà ló máa fọwọ́ lu òrùlé mọ́tò pé kó máa lọ nígbà tó bá kún. Àlejò tó bá débẹ̀ lówùúrọ̀ á rò pé ìjà ló ń ṣẹlẹ̀. Àwa tí a ń wọ̀ ọ́ mọ̀ pé ètò tó wà níbẹ̀ le ju ti ọ́fíìsì ìjọba míì lọ.

Dẹ́rẹ́bà kì í sábà ni mọ́tò tó ń wà. Òmíràn ń jábọ̀ owó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́. Òmíràn gbà á ní háyà-pọ́ṣẹ́ẹ̀sì, ó ń san án díẹ̀díẹ̀ títí mọ́tò á fi di tirẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì ò bá kọ́kọ́ kú. Owó epo wà níbẹ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì wà níbẹ̀, mẹkáníìkì sì ń dúró dè é níwájú. Bó bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, èrò tó wọlé kẹ́yìn ni èrè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní gbéra nígbà tó bá ku ẹnì kan, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ṣẹ́ èpè fún un.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ń jìyà jù. Iye kan náà ni òun àti ẹni ìkẹyìn ń san, ṣùgbọ́n òun ló fi ìdajì àárọ̀ rẹ̀ jókòó nínú oòrùn. Àwọn tí ojú wọn ti là sí i mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ wo etí gáréèjì láàárọ̀, ẹ óò rí wọn lábẹ́ ibòji ìsọ̀, wọ́n ń tẹ fóònù bí ẹni tí kò lọ síbì kan, ojú wọn ò sì kúrò lára mọ́tò. Ó di ìgbà tó bá ku ẹnì kan kí wọ́n tó sáré dé. Àwọn agbèrò náà kì í ṣe ọmọ àná. Wọ́n á ní kí ọmọ gáréèjì méjì jókòó sínú ọkọ̀ bí èrò, kó lè dà bíi pé ó ti fẹ́ẹ̀ kún. Bí èrò tòótọ́ bá ṣe ń wọlé ni àwọn wọ̀nyí á máa bọ́ọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Bí gáréèjì ṣe ń tan èrò ni èrò náà ń tan gáréèjì, mi ò sì rí ẹni tó ń bínú sí i.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú tó sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ n’Ìbàdàn ni ti ẹni tó ni gáréèjì.

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìjọba amúnisìn la títì mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi mọ́tò tiwọn sí i kó lè máa kó ẹrù àti èèyàn wá bá rélùwéè. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò wa bẹ̀rẹ̀ sí ra lọ́rì tiwọn, wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀, ó di bọ̀lẹ̀kájà. Kòkó àti èkùrọ́ ni àwọn lọ́rì yẹn ń wá kiri ní abúlé; èèyàn kàn ń bá ẹrù wọ̀ ọ́ ni. Ìgbà tí ẹrù bá pé lọkọ̀ ń lọ. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni àṣà kíkún yìí ti wá, pé wọ́n ń kó wa títí dòní bí wọ́n ṣe ń kó àpò kòkó nígbà yẹn.

Ní 1978, nígbà tí ìjọba ológun tún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tò káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tó ni mọ́tò náà ní tiwọn, RTEAN. Ẹni tó bá ti di alága ẹgbẹ́ awakọ̀ ní ìpínlẹ̀, owó ń wọlé fún un lójoojúmọ́, ó ní ọmọ ẹ̀yìn, olóṣèlú tó bá sì fẹ́ wọlé ìbò á wá kí i nílé. Gbọ́nmi-si-omi-ò-to láàárín àwọn ìpín ẹgbẹ́ náà ti mú kí àwọn ọlọ́jà ti ìsọ̀ wọn sá lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2019, ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn tí Ṣèyí Mákindé di gómìnà, ó dá iṣẹ́ NURTW dúró ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìjọba sì gba gáréèjì. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbé ètò àbójútó gáréèjì dìde, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí PMS. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, bí sáà kejì gómìnà ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú ìgbìmọ̀ tó ń darí PMS náà ká. Èkó ti rìn ní irú ọ̀nà yìí: ní 2022, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn lọ́hùn-ún, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀ sí gáréèjì.

Nínú gbogbo bí gáréèjì ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíì yìí, ẹni tó máa já tíkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ dá lé. Awakọ̀ ní ẹgbẹ́, ọlọ́kọ̀ ní ẹgbẹ́, ìjọba ní àwọn tó ń bá a gbowó. Èrò tó jókòó sínú Micra kò ní alága, kò ní akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀ ni gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì ń já sí.

Èrò wá ń ṣe òfin tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí dẹ́rẹ́bà ń sọ kó tó kí èèyàn: “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Bí kò bá sí ṣéńjì, á so èèyàn méjì pọ̀. Á fi ẹgbẹ̀rún náírà kan lé ìyá kan lọ́wọ́, á ní kí òun àti ọmọkùnrin tó jókòó tì í lọ pín in. Wọn ò mọra rí. Wọ́n á jọ bọ́ọ́lẹ̀ lójú kan, bí ọ̀kan ò bá tilẹ̀ tíì dé ibi tó ń lọ, wọ́n á jọ wá ẹni tó ń ta omi tútù, ọ̀kan á ra ohun tí kò gbẹ ẹ́ lọ́fun kí owó náà lè fọ́. Mo ti gbọ́ tí màmá kan sọ fún ọmọ tí wọ́n so mọ́ ọn pé, “Máa mú un lọ, ọmọ mi. Bí ọkọ̀ Ẹ̀rúnmu yẹn bá lọ, ṣéńjì yìí ò lè gbé mi délé.”

Ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ owó yìí wá di wàhálà gidi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí báńkì àpapọ̀ ń pààrọ̀ náírà, owó wọ́n bí ojú, ni àwọn dẹ́rẹ́bà bá bẹ̀rẹ̀ sí gba tiransífà. Ọkọ̀ á dúró sétí títì ní Adégbàyí, gbogbo èrò á máa na ọrùn wo fóònù dẹ́rẹ́bà: ṣé àláàtì ti wọlé? Ẹni tó ti sanwó ò lè bọ́ọ́lẹ̀, àwọn tó ń lọ síwájú ò lè lọ. Ìyẹn ò tíì kúrò lọ́kàn wa nígbà tí ìjọba tuntun kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí à ń rà ní nǹkan bíi 190 náírà di nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó ọkọ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, kò sí ìkéde. Ẹnu agbèrò ni èrò ti gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí bí òjò bá ṣú, tàbí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí ọkọ̀ sì dín.

Lọ́nà oko, ẹrù ní owó tirẹ̀, kò sì ní ìwọ̀n. Àpò gàrí kan, agbọ̀n tòmátì méjì, ewúrẹ́ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ sínú búùtù: ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n wọn, ẹnu ni ìyá ọlọ́jà á fi bù ú kù. “Gbà á bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, mi ò tíì ta nǹkan kan.” “Ẹ̀yin náà ẹ wo taya mi, Ìyá, ó ti tẹ́ mọ́lẹ̀.” Àwọn abúlé tí Micra kì í wọ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́kadà, èrò méjì lẹ́yìn, apẹ̀rẹ̀ lórí táńkì. Ìjọba ti la ọ̀nà láti Airport gba Àjíà já sí títì Ifẹ̀ tuntun, ó sì yẹ ká dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dán ò sọ fún ẹnikẹ́ni ìgbà tí ọkọ̀ máa kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin Èkó ló máa mọ̀ ọ́n jù. Láti 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ló sì ń gúnlẹ̀ sí. Ọkọ̀ ojú irin yẹn ní aago. Ará Alákìá tó fẹ́ bá a á wọ Micra dé Ìwó Road, á wọ òmíràn dé Òjòó, á tún wọ òmíràn dé Mọ́níyà, kọ̀ọ̀kan nínú wọn á sì dúró kún. Ó ní láti jí bí ẹni tó fẹ́ jẹ sáàrì kó tó lè bá ọkọ̀ tí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bó ṣe rí níbòmíràn. Ní Kútọnu, àwọn ọlọ́kadà zémidjan ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí nọ́mbà wà lára rẹ̀. Èrò tí wọ́n bá ṣe láìdáa mọ nọ́mbà tó máa dárúkọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀sì ò gbowó lọ́wọ́ mọ́ láti 2014. Ìyẹn kọ́ ni mò ń jowú. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni London TravelWatch, àjọ tí òfin 1999 bí, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gba ẹjọ́ èrò rò níwájú àwọn tó ń darí ọkọ̀. Àwa náà ní òfin ààbò oníbàárà, àjọ FCCPC ló ń mójú tó o láti 2019. Ẹ wá bá mi wá ẹni tó máa torí igba náírà wọ ọkọ̀ ẹgbẹ̀ta náírà lọ fẹjọ́ sùn.

Ìjọba Ọ̀yọ́ kọ́ téèmínà sí Ìwó Road, Challenge, Òjòó àti Pódò, ó sì fi bọ́ọ̀sì tí owó rẹ̀ dín sójú títì lẹ́yìn tí epo gbówó lórí. Orí àwọn títì ńlá ni ìyẹn pọ̀ sí. Ní ọ̀nà Ẹ̀rúnmu àti Akánrán, àwọn ọlọ́jà ti rí ọgbọ́n mìíràn dá sí i: wọ́n gba nọ́mbà dẹ́rẹ́bà kan tí wọ́n fọkàn tán, ẹni márùn-ún á dá ara wọn jọ, wọ́n á pè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, wọ́n á sì bá a dá aago. Á wá gbé wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé láàárọ̀ kùtù, kò dúró de ẹnikẹ́ni, kò wọ gáréèjì rárá. Bó bá dé oríta, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì á dá a dúró, wọ́n á yọjú wonú ọkọ̀ ka àwọn ìyá náà, wọ́n á sì gba owó èrò tí wọn ò bá a pè.